Iná Tó Ṣì Ń Tàn Tí Wọ́n sì Pààrọ̀ Rẹ̀: Oríyìn fún Àwọn Olómi Òṣòdì àti Ìsọlọ̀

Iṣẹ́ kan wà ní Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ tí oníbàárà kò lè fojú rí, tí kò lè fẹnu tọ́ wò, tí kò sì ní í bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ náà ni kí ẹni tó ń ta omi yọ gílóòbù UV tó ń pa kòkòrò inú omi, tó sì ṣì ń tàn, kúrò nínú ẹ̀rọ rẹ̀, kó gbé e tì, kó sì fi owó gidi ra tuntun sípò rẹ̀, nítorí pé ọdún ti yí po. Bí kò bá ṣe é, ta ló máa mọ̀? Omi á ṣì mọ́ lójú, á ṣì tutù lọ́nà ọ̀fun, nọ́ńbà NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, á ṣì wà lára ọ̀rá. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí láìsí ẹni tó ń ṣọ́ wọn la fẹ́ yìn lónìí.

Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá. Àmọ́ àwa ará Èkó kì í rántí olómi àfi lọ́jọ́ tó bá fowó lé omi. Bí inú bá run wá, orúkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu wa. Bí inú ò bá run wá lódidi ọdún méjì, a ò rò ó pé ẹnì kan ló ṣiṣẹ́ fún un. Lóde àríyá, ẹni tó ń náwó ni onílù ń kì. Kò sí onílù tó máa dúró lẹ́nu géètì ilé omi kan ní Òkòtà kó máa ké pé, “Ìwọ tí a mumi ẹ tínú ò run wá!” Ẹ jẹ́ ká ṣe iṣẹ́ onílù náà nínú ìwé yìí.

Ẹni tó bá yà sí ẹ̀yìnkùlé ibi tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ọ̀rá, ní Ìsọlọ̀ ni o, ní Èjìgbò ni o, tàbí ní Máfolúkù, ohun tó máa bá níbẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Tánkì dúdú ńlá wà lókè àtẹ̀gùn irin. Súmò wà nínú ilẹ̀, tó ń fa omi láti inú kànga ẹ̀rọ. Omi á sọ̀ kalẹ̀, á gba inú àgbá oníyanrìn, á gba inú àgbá eléèédú, á tún gba inú àwọn asẹ́ kékeré tó jẹ́ funfun lọ́jọ́ tí wọ́n rà á, tó ti wá pupa bí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú báyìí. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni yóò tó kan irin fàdákà kan, gbọọrọ bí apá àgbàlagbà, tí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ ojú ọ̀run ń yọ díẹ̀díẹ̀ níbi ìdérí rẹ̀. Ibẹ̀ ni iná UV wà. Ẹ̀rọ tó ń di ọ̀rá lẹ́nu náà sábà máa ń ní tirẹ̀, tó ń tan iná sára ọ̀rá kí omi tó wọ inú rẹ̀.

Ẹ wo bí ọmọkùnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Á kọ́kọ́ pa á, nítorí ìmọ́lẹ̀ yẹn kò ṣe é wò lójú kòrókòró; ó ń jó ẹyinjú. Á tú ìdérí, á fa gíláàsì gbọọrọ tí gílóòbù wọ̀ bí ẹ̀wù jáde. Gíláàsì lásán kọ́ ni, quartz ni wọ́n ń pè é, torí gíláàsì fèrèsé kì í jẹ́ kí ìtànṣán yìí kọjá. Omi abẹ́ ilẹ̀ tiwa níhìn-ín ní irin nínú, irin yẹn ló sì ń ṣe ìpẹtà sára gíláàsì náà. Ọmọkùnrin yìí á rẹ ẹ́ sínú omi kíkan, ọ̀gá rẹ̀ a máa ra lẹ́búlẹ́bù tó kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ fún un, á fi aṣọ rírọ̀ nù ún, á gbé e sókè sójú oòrùn, á dijú kan wò ó, á tún nù ún. Kì í fi ọwọ́ lásán kan gílóòbù tuntun. Aṣọ ló fi ń dì í mú, torí òróró ìka náà máa ń dí ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ló máa fi bírò kọ déètì sí ara bébà kan, á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin. Déètì yẹn ni ẹ̀rí gbogbo. Níbi tí kò bá ti sí déètì lára irin, ẹ máa fura.

Ìdí tí déètì fi ṣe pàtàkì ni pé gílóòbù UV kì í kú bí àwọn gílóòbù tó kù. Èyí tó wà ní pálọ̀ yín, bó bá ti kú, ó ti ṣókùnkùn, ẹ ti mọ̀. Ti UV kì í sọ fúnni. Ó máa ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 9,000, ìyẹn bí ọdún kan bí a kò bá pa á rárá, lẹ́yìn náà agbára rẹ̀ láti pa kòkòrò á ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n á ṣì máa tàn búlúù. Ajá tó ń gbó ni, tí eyín rẹ̀ ti ká tán. Ẹni tí owó jọ lójú á fi ajá yẹn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ní ọdún kejì, ọdún kẹta. Ẹni tí Ọlọ́run ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ á lọ ra òmíràn.

Kí gan-an wá ni ìmọ́lẹ̀ yìí ń ṣe? Ìtànṣán UV jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí. Àwọ̀ búlúù tí a ń rí níbi ìdérí kàn jẹ́ díẹ̀ tó tẹ̀lé e ni. Bí kòkòrò àìfojúrí bá ń kọjá nínú irin náà, ìtànṣán á wọ inú ara rẹ̀, á sì ba DNA rẹ̀ jẹ́, ìyẹn ìwé àṣẹ tó fi ń bí irú ara rẹ̀. Kòkòrò tí kò lè bímọ mọ́ kò lè di ẹgbẹ̀rún nínú ìfun ọmọ èèyàn. Èyí tó ń fa onígbáméjì wà lára wọn, èyí tó ń fa taifọ́ọ̀dù wà níbẹ̀, èyí tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru náà kò gbẹ́yìn. Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Kò fi òórùn sílẹ̀ bíi kílórìnì, kò sì yí adùn omi padà.

Oòrùn ló kọ́kọ́ ń ṣe iṣẹ́ yìí kí ẹnikẹ́ni tó ṣe gílóòbù. Ní 1877, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, Downes àti Blunt, fi hàn pé omi oúnjẹ kòkòrò tí wọ́n gbé sínú oòrùn kò bàjẹ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bò kúrò lójú oòrùn bàjẹ́. Ní 1910, wọ́n ti ń fi iná UV tọ́jú omi ìlú Marseille ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Aftim Acra àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Amẹ́ríkà tó wà ní Beirut, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà lórílẹ̀-èdè Lebanon, ń wá bí àwọn ìyá ṣe máa rí omi tó dára po oògùn oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́. Ní 1980 ni wọ́n kọ èsì wọn jáde: ẹ gbé omi tó mọ́ gaara sínú ohun tí oòrùn lè là kọjá, ẹ gbé e sójú oòrùn, oòrùn á ṣe é. Láti 1991 ni àjọ EAWAG ti Switzerland ti mú un kiri ayé. Ike omi tó mọ́ roro, oòrùn wákàtí 6. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú, ọjọ́ 2. Ó dára púpọ̀, a ò ní fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ẹ sọ fún ìyá tó ní ọmọ mẹ́rin nínú ilé oníyàrá mẹ́wàá ní Ṣógúnlẹ̀, lóṣù kẹfà tí òjò ò dá, pé kó máa sá ike omi fún ọjọ́ méjì. Níbo ló fẹ́ sá a sí?

Ibi tó yẹ ká ti dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashok Gadgil nìyí. Ọmọ Íńdíà ni, onímọ̀ físíìsì, tó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwádìí Lawrence Berkeley ní California. Nígbà tí onígbáméjì oríṣi tuntun kan bẹ́ sílẹ̀ ní agbègbè Bengal láàárín 1992 sí 1993, tó ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn, ọ̀rọ̀ náà ká a lára. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, wọ́n ṣe ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní UV Waterworks. Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ ló wù wá: ó gbé gílóòbù kọ́ sókè orí omi, kò rì í sínú omi. Omi kàn ń ṣàn kọjá lábẹ́ rẹ̀ nínú àwo pẹrẹsẹ. Ìpẹtà tó ń dààmú ọmọkùnrin wa ìṣáájú kò ríbi lẹ̀ mọ́. Lítà 15 ni ẹ̀rọ náà ń fọ̀ mọ́ ní ìṣẹ́jú kan, iná tó sì ń jẹ kò ju 60 wáàtì lọ. Bátìrì mọ́tò lè gbé e, páànẹ́lì sólà kan lè gbé e. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé tọ́ọ̀nù omi kan kò ní í ju sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà 5 lọ. Ilé iṣẹ́ WaterHealth International tó gba àṣẹ láti máa ṣe é ti gbé e dé Ghana lẹ́bàá wa níbí. Ní 2023, ìjọba Amẹ́ríkà fi àmì ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè wọn lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ dá ọkùnrin yìí lọ́lá. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin tó ń nu gíláàsì ní Ìsọlọ̀, ta ló fi kinní kan dá a lọ́lá?

Ọ̀rọ̀ sólà yìí, ẹ jẹ́ ká jókòó tì í díẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé fàájì ni. Tánkì òkè kò nílò iná láti sọ omi kalẹ̀. Bí NẸ́PÀ bá múná lọ lọ́sàn-án gangan, omi kò ní í dúró. Á ṣì máa gba inú asẹ́, á ṣì máa gba inú irin fàdákà, á sì máa jáde lẹ́nu ẹ̀rọ. Gílóòbù nìkan ló ti kú. Omi tó jáde ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n tó tan jẹnẹrétọ̀, omi tí ìtànṣán ò kàn ni. Lọ́jọ́ tí iná bá lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi ẹ̀rọ kékeré kan síbẹ̀ tó máa ń ti ẹnu páìpù bí iná bá ti lọ. Ẹni tó tún mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ á gbé gílóòbù náà lé bátìrì àti sólà, kó má tilẹ̀ mọ̀ pé iná lọ.

Kò sì wọ́n tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Gílóòbù 40 wáàtì kò jẹ iná tó fáànù òkè àjà. Súmò ẹlẹ́ṣin kan ló ń jẹun, ó ń jẹ bíi 750 wáàtì, owó páànẹ́lì rẹ̀ kì í ṣe ti gbogbo èèyàn. Ìdí nìyí tí àwọn kan tí a mọ̀ ní agbègbè yìí ṣe sọ pé, ó dáa, ẹ jẹ́ kí súmò ṣì máa jẹ epo, ṣùgbọ́n gílóòbù ò gbọ́dọ̀ kú. Wọ́n lọ sí ọjà Alábà, wọ́n ra páànẹ́lì kan tàbí méjì, wọ́n ra bátìrì, wọ́n fún gílóòbù ní tirẹ̀. Kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n ọ̀gá, kì í ṣe fíríìsà ìyàwó ọ̀gá. Láti 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ epo ti lọ, lítà epo bẹntiróòlù tí à ń rà tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bí ₦200 gun òkè títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ₦1,000 l'Ékòó nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá 2024. Ilé omi tó kógbá wọlé kò níye. Ẹni tó wá rówó ra sólà fún gílóòbù rẹ̀ láàárín irú àkókò bẹ́ẹ̀, tó sì ń ta omi ọ̀rá kan ní ₦50 nígbà náà, ẹ kí i dáadáa.

Kí ló dé tí a fi ń ṣe gbogbo wàhálà yìí lórí omi àdáni ná? Ṣebí ilé iṣẹ́ omi ìjọba ní Ìjú ti bẹ̀rẹ̀ láti 1915. Ṣáájú ìgbà náà gan-an ni àwọn ọmọ Èkó ti ń bá Gẹ̀ẹ́sì fà á lórí owó omi, tí Herbert Macaulay wà níwájú wọn, tí wọ́n ń sọ pé kànga àwọn tó àwọn. Ilé iṣẹ́ omi Àdìyán tẹ̀lé ti Ìjú ní 1991. Àmọ́ Èkó ti ju páìpù lọ tipẹ́. Lónìí, kànga wa kò tó wa mọ́ lọ́nà mìíràn: ilé fún mọ́ ilé, kànga kò jìnnà sí sókáwéè, sókáwéè kò jìnnà sí gọ́tà, gbogbo wọn sì jọ ń mu nínú ilẹ̀ kan náà. Nígbà tí onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ l'Ékòó ní oṣù kẹfà 2024, tí èèyàn kú, ìjọba ìpínlẹ̀ tọpasẹ̀ díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sídìí ohun mímu òfíò tí wọ́n dì sínú ike láìní nọ́ńbà NAFDAC. Omi ni wọ́n fi po òfíò náà.

A ò gbọ́dọ̀ gbàgbé olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Dora Akunyili nínú oríyìn yìí. Láti 2001 tó ti di ọ̀gá àgbà NAFDAC títí di 2008, ó sọ nọ́ńbà tó wà lára ọ̀rá di ohun tí ọmọ kékeré tó ń kiri lábẹ́ afárá Òṣòdì ń wò kó tó rajà. Wọ́n yìnbọn sí i ní 2003, ọta gba inú gèlè rẹ̀ kọjá, kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ń ti ọ́fíìsì NAFDAC ní Ìsọlọ̀, lójú títì Òṣòdì sí Àpápá, jáde láàárọ̀ láti lọ yẹ ilé omi wò, iṣẹ́ tó fi lé wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń bá lọ. A ń bẹ̀ yín, bí ẹ bá ti wo nọ́ńbà tán, ẹ wo déètì ara irin náà.

Ìyìn kò gbọdọ̀ di irọ́, nítorí náà a máa sọ èyí tí iná yìí kò lè ṣe. Kò lè yọ irin, kò lè yọ iyọ̀, kò lè yọ epo bẹntiróòlù tó jò wọlẹ̀ láti ilé epo. Omi tó bá dọ̀tí, ìdọ̀tí yẹn ni kòkòrò máa sá sí lẹ́yìn, ìtànṣán á kọjá lórí wọn; ìdí nìyẹn tí yanrìn àti èédú fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Kò sì bá omi lọ sílé. Bó ti jáde lẹ́nu irin, ohun tó bá bọ́ sínú rẹ̀ ti bọ́ síbẹ̀ nìyẹn. Mérúwà tó ń ti kẹ̀kẹ́ kiri Máfolúkù pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá, tó ń fi ọṣẹ àti yanrìn fọ inú kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, tirẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí tóbi ju bí a ti ń fojú wò ó lọ. Sannu da aiki o, ẹ kú iṣẹ́, ọ̀rẹ́ wa. Àwa tí à ń mu ún náà ńkọ́? A ra píọ́ wọ́tà lọ́wọ́ ọmọ tó gbé e sínú bàsíà, yìnyín ti yọ́ dà sí i, ọwọ́ mẹ́jọ ti bọ inú omi yẹn, a sì gbé igun ọ̀rá sẹ́nu, a fi eyín já a. Gílóòbù ṣe tirẹ̀ tán, ẹnu wa ló ba á jẹ́. Ẹ fi omi ṣan ọ̀rá kẹ́ ẹ tó já a, ẹ jọ̀ọ́.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olómi tí ẹ ní déètì lára irin. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin pọ́lọ́ńbà tí ẹ ń sọ fún oníbàárà pé gílóòbù yìí ti dàgbà, bó tilẹ̀ rò pé owó lẹ fẹ́ jẹ. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin onílé ní Àjàó Ẹ́sítéètì àti Òkè-Àfá tí ẹ fa páìpù síta géètì kí ará àdúgbò lè pọn nínú omi tí ẹ ti tọ́jú.

Fún ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò, ohun kan la bèèrè. Nígbà tí ẹ bá tún ń gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tàbí ilé ìwòsàn àdúgbò, ẹ fi iná UV àti páànẹ́lì rẹ̀ kún un, kẹ́ ẹ sì kọ owó gílóòbù ọdún tó ń bọ̀ sínú ìwé ìnáwó láti ìsinsìnyí, kó tó kan ọ̀rọ̀ bóòdù tí a máa kọ orúkọ alága sí. Oṣù kẹsàn-án ni àwọn ọmọ máa wọlé. Ní oṣù kẹjọ ni kí gílóòbù tuntun ti wà nínú irin.